Ọmọkùnrin mẹ́rin, hólídé Kérésì kan: bí mo ṣe ń ṣe é l'Óṣogbo

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, apá Ayétòrò níbí l'Óṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọkùnrin mẹ́rin sì l'Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ. Àkọ́bí ti pé ọdún 11, Táyé àti Kẹ́hìndé jẹ́ ọdún 7, Ìdòwú tó tẹ̀lé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 4, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa Ìdòwú, kò yẹ kí n tún un sọ. Oṣù Kejìlá ni iṣẹ́ télọ̀ máa ń pọ̀ jù lọ́dún, gbogbo èèyàn ló fẹ́ fi aṣọ tuntun ṣọdún, inú oṣù yẹn náà sì ni ilé ìwé máa ń dá gbogbo wọn padà sí mi lọ́rùn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà kan, ariwo ni mo fi ń gbé e. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni mò ń pariwo, ohùn mi á há, àwọn ọmọ ò sì ní gbọ́. Ohun tí mo wá rí nígbà tó yá ni pé ọmọkùnrin kì í ṣàdédé ya jàgídíjàgan nígbà hólídé, ara ẹ̀ ló ń wá ohun tó máa ṣe, tẹ́ ẹ ò bá sì tíì fún un ní nǹkan kan ṣe títí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ fi lù, á wá tiẹ̀ fúnra ẹ̀, kò sì ní jẹ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ìpàdé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe

Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ti wà nílé. Alẹ́ Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn kí ilé ìwé tó gba hólídé, lẹ́yìn oúnjẹ, mo máa ń kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sórí ẹní, Dádì wọn náà á jókòó tó bá wà nílé torí Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, a ó wá bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí lo fẹ́ ṣe nínú hólídé yìí. Ìdòwú la máa ń kọ́kọ́ bi, torí tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tí ẹ̀gbọ́n bá sọ ni gbogbo wọn máa tún sọ. Lọ́dún tó kọjá, Ìdòwú ní òun fẹ́ jẹ itan adìẹ méjèèjì. Kẹ́hìndé fẹ́ lọ wo ọ̀bọ nínú igbó Òṣun. Táyé, bọ́ọ̀lù ni tiẹ̀. Àkọ́bí ní òun fẹ́ máa lo fóònù mi fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, a bá a dúnàá-dúrà, a fẹnu kò sí ìṣẹ́jú 45. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn kíṣìn, ibẹ̀ ló wà títí hólídé fi parí, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti rí tiẹ̀ gbà á fi báírò fa igi lé e.

Ibi ìpàdé yẹn náà ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ owó. Ẹ má fi pamọ́ fún wọn: aṣọ kọ̀ọ̀kan la lè rán, bàtà ò sí àfi fún ẹni tí tiẹ̀ bá ti há, ibi kan ṣoṣo la máa sanwó wọ̀. Ọmọ ọdún 7 gbọ́ "owó ò tó" yé dáadáa tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ fún un nínú ilé, àmọ́ tó bá jẹ́ ojú ọjà ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó máa yí mọ́lẹ̀ ni.

Iṣẹ́ àárọ̀, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀

Ibí yìí ló ṣe pàtàkì jù fún mi, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀ pé "ẹ lọ tún ilé ṣe" kò ní ṣeé ṣe láéláé, torí ọ̀kan á máa wo ọ̀kan. Ẹ pín in kó jẹ́ pé tí ìdọ̀tí bá wà níbì kan, ẹni kan ṣoṣo ló ni ín.

Ọmọ ọdún 4 lè to bàtà gbogbo ilé sẹ́nu ọ̀nà ní méjì-méjì, ó lè fi ife bu omi sí abọ́ adìẹ, ó lè ká aṣọ kékeré, ó sì lè bá yín ṣa ẹ̀wà, kódà ó máa ń gbádùn ẹ̀ ju àgbàlagbà lọ torí òkúta tó bá rí nínú ẹ̀wà, bí ẹni rí góòlù ló rí lójú ẹ̀. Ọmọ ọdún 7 lè gbá àgbàlá, ó lè fọ abọ́ ìdájí, ó sì lè gbé omi ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré. Ọmọ ọdún 11 ti lè fọ aṣọ ara ẹ̀, ó lè gbé ata lọ sí ẹ̀rọ kó sì ka ṣéńjì bọ̀ láìdín, ó sì ti lè ro ẹ̀bà tẹ́ ẹ bá dúró tì í nígbà tó ń da omi gbígbóná. Àwọn kan á ní ọmọkùnrin ò kí ń wọ kíṣìn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń jẹun ló yẹ kó mọ bí oúnjẹ ṣe ń délẹ̀, tí wọ́n bá dé yunifásítì lọ́jọ́ kan, mi ò ní bá wọn débẹ̀.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Àkọ́kọ́, ẹ bá a ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó fi sílẹ̀ fún un, ọmọ ò lè mọ ohun tí "gbá a dáadáa" jẹ́ láìrí i. Ìkejì, tó bá gbá àgbàlá tán tí kò mọ́ tó, ẹ má gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lójú ẹ̀ kẹ́ ẹ tún un gbá. Ọjọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún Táyé, ó tó ọ̀sẹ̀ kan tí kò fi ọkàn fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ mọ́, ṣe ló kàn ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ẹ mú un lọ síbi tí kò mọ́, ẹ ní "ibí yìí ń pè ẹ́ o", kó fúnra ẹ̀ parí ẹ̀.

Mo tún rántí nǹkan kan. Nígbà ọyẹ́, òtútù máa ń jẹ́ kí àwọn kékeré tọ̀ sílé, kódà èyí tó ti jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi kọrin. Ẹ dín omi àti mínírà alẹ́ kù, ẹ jí i kó lọ tọ̀ kẹ́yin náà tó sùn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ bá yín gbé aṣọ ìbora lọ sá láàárọ̀ láìsí àfikún ọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún 4 náà mọ ìtìjú.

Kí oòrùn tó le, ẹ jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n

Aago méje ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀, ìta ni kí wọ́n wà. Bọ́ọ̀lù, ìdíje sísá, òkòtó, rólà tí wọ́n fi táyà ṣe, ohunkóhun tó bá ṣáá ti lè mú wọn làágùn. Ẹ wọ ṣúẹ́tà fún wọn jáde, wọ́n máa bọ́ ọ fúnra wọn. Tí mi ò bá lè tẹ̀lé wọn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló máa ń tẹ̀lé wọn, èmi náà á sì bá òun rán bọ́tìnì tó kù lára aṣọ oníbàárà ẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nínú wa.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á jẹ kókó àti àkàrà, a ó jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníṣòwò bíi tèmi, ẹ má ṣe rò pé ṣọ́ọ̀bù ò ní ìwúlò fún ọmọ. Mo ra mágínẹ́ẹ̀tì kan, mo so okùn mọ́ ọn, Ìdòwú á máa wọ́ ọ kiri ilẹ̀, gbogbo píìnì tó bá jábọ́ ló máa mú jáde, mi ò tẹ píìnì mọ́ láti ìgbà yẹn. Àmọ́ èmi ni mo ń já píìnì yẹn kúrò lára mágínẹ́ẹ̀tì, kì í fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ni mágínẹ́ẹ̀tì tí mo sọ yìí tóbi tó ọwọ́ ìkúùkù, ẹ má fún ọmọdé ní kékeré tó lè gbé mì. Àwọn ìbejì á máa to bọ́tìnì sínú agolo ní àwọ̀-àwọ̀. Àkọ́bí ló ń kọ orúkọ oníbàárà àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba aṣọ sínú ìwé, ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ ti wá dáa ju tèmi lọ. Sísọ́ọ̀sì àti áyọ́ọ̀nù eléèédú, òkè ni wọ́n wà, mi ò fi ìyẹn ṣeré rárá.

Ara wọn nínú ọyẹ́

Èyí ò pọ̀. Omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí wọ́n fi wẹ̀, èyí tó gbóná jù tún máa ń gbẹ ara sí i, kí wọ́n fi òrí tàbí àdí àgbọn pa ara nígbà tí omi ò tíì gbẹ tán lára wọn, ẹ fi díẹ̀ sí ètè àti gìgísẹ̀. Ẹ fún wọn lómi mu dáadáa, òùngbẹ kì í hàn lára ọmọ nígbà òtútù. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà nímú ọmọ, ẹ má gbé orí ẹ̀ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ẹ jẹ́ kó jókòó kó tẹrí síwájú díẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìka méjì di ibi tó rọ̀ nímú ẹ̀ pa fún ìṣẹ́jú 10 láìyọwọ́, kó máa gbẹnu mí. Tí kò bá dá, ẹ gbé e lọ sọ́sìbítù. Èyí tó bá ń wúkọ́ tí àyà ẹ̀ ń dún tàbí tó ń mí gúlegúle, ìyẹn kọjá àgbo, Ọsibítù Ìjọba l'Ásúbíàró ni kẹ́ ẹ gbà lọ tàbí ọsibítù ńlá ti UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, èyí tó bá sún mọ́ yín.

Ìjà

Wọ́n máa jà. Mẹ́rin ni wọ́n, ilé ò sì tóbi. Ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín eré àti ìjà: ẹ wo ojú ẹni tó wà nísàlẹ̀. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, gídígbò ni wọ́n ń mú, ara ọkùnrin ń fẹ́ ẹ. Tí kò bá rẹ́rìn-ín mọ́, ẹ dìde.

Tó bá jẹ́ ìjà lóòótọ́, ẹ yà wọ́n, ẹ fún kálukú lómi mu, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ títí èémí wọn fi máa wálẹ̀. Ẹ má béèrè pé "ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?", ìbéèrè yẹn ló ń bí irọ́. Èmi máa ń mú rílì òwú kan, ẹni tí òwú bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ẹnìkejì á dákẹ́ títí wọ́n á fi gbé òwú fún un. Ohun tí mò ń bi wọ́n ni pé kí lò ń fẹ́ gan-an? Ó máa yà yín lẹ́nu, lọ́pọ̀ ìgbà ohun tí wọ́n ń fẹ́ ò papọ̀ rárá, ọ̀kan ń fẹ́ bọ́ọ̀lù, èkejì ń fẹ́ kí wọ́n fi òun kún eré ni.

Tí ìyà bá tọ́ sí wọn, ìyà kan náà ni fún àwọn méjèèjì, wọ́n á jọ fọ bẹ́dṣíìtì kan nínú báàfù. Bẹ́dṣíìtì tó ti mu omi, ẹnì kan ò lè fún un, ọ̀kan á di ìbí mú, ọ̀kan á di ọ̀hún mú, wọ́n á máa lọ́ ọ, tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ síra wọn wọn ò ní mọ apá ibi tí wọ́n máa lọ́ ọ sí. Mi ò tíì rí ìjà tó kọjá orí bẹ́dṣíìtì yẹn. Mo ti nà wọ́n rí, mi ò ní parọ́, pàṣán á wọlé, ẹkún á sọ, ilé á sì dákẹ́ fún wákàtí kan, àmọ́ lọ́jọ́ kejì mo rí Táyé tó fi igi na Ìdòwú, tó sì ń sọ gbólóhùn tí mo sọ nígbà tí mo ń na òun gan-an. Ó dùn mí wọra. Ìyẹn ni mo fi gbé e sọ nù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ìbejì, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí: Táyé ló kọ́kọ́ dé, Kẹ́hìndé sì lẹ̀gbọ́n. Àwọn tèmi ti fi ọ̀rọ̀ yìí jà débi tí ẹran ti já bọ́ sílẹ̀, "èmi ni wọ́n bí ṣáájú", "èmi ni mo rán ẹ níṣẹ́". Mo wá pín in: ọjọ́ kìíní oṣù, ìkẹta, ìkarùn-ún, bó ṣe ń lọ bẹ́ẹ̀, Táyé ló ń kọ́kọ́ mú ẹran, ọjọ́ kejì, ìkẹrin, ìkẹfà, ó di ti Kẹ́hìndé. Kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń bá jà báyìí. Ohun tí wọ́n bá sì fẹ́ pín láàárín ara wọn, bískíìtì, ìrèké, ẹni tó bá gé e ló máa mú gbẹ̀yìn. Ẹ máa rí i bí ọmọdé ṣe ń fi ìwọ̀n gé ìrèké.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wọn jáde

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, ẹ kó wọn kúrò nílé. Tí owó ò bá sí, ẹ kó wọn lọ kí ìyá àgbà. Màmá ọkọ mi wà l'Ókè-Baálẹ̀, tí wọ́n bá débẹ̀ wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Màmá á kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá fún wọn lẹ́pà jẹ, inú gbogbo wọn á dùn.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù láti sanwó wọ̀ ni igbó Òṣun. Àwọn kan nínú ìjọ wa ní kí n má gbé ọmọ lọ síbẹ̀. Mo gbọ́ wọn, àmọ́ ìtàn ìlú àwọn ọmọ yìí ni, àwọn àlejò ń wọ bàálù wá wò ó, ọmọ Òṣogbo á wá dàgbà láìmọ̀ ọ́n? UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, gbé igbó yẹn sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé: ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, láàárọ̀, kí èrò tó pọ̀. Ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀, torí ẹ̀fọn àti gbòǹgbò igi. Ẹ pín wọn ní méjì-méjì kẹ́ ẹ tó sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́: Àkọ́bí di Ìdòwú mú, èmi di ìbejì mú, ọwọ́ ò gbọdọ̀ jábọ́. Àwọn ọ̀bọ wà níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́n, tí wọ́n bá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí gúgúrú lọ́wọ́ ọmọ wọ́n máa já a gbà, torí náà kí wọ́n jẹun kúnkún kí wọ́n tó wọlé, kẹ́ ẹ sì di ohun tó kù sínú báàgì tó ní síìpù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mú yín yí ká ibi tẹ́ ẹ ti lè ya fọ́tò àti ibi tí kò yẹ. Omi Òṣun, kí wọ́n wò ó lókèèrè. Iṣẹ́ góòlù tí wọ́n ń wà lápá òkè odò ti jẹ́ kí omi yẹn pọ́n bí ẹrẹ̀, kò ṣeé mu, kò ṣeé lúwẹ̀ẹ́ fọ́mọ.

Ẹ sọ ìtàn fún wọn níbẹ̀, kì í ṣe nílé. Ẹ sọ bí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, ṣe kúrò ní Ìpólé torí omi, bí igi tí wọ́n gé ṣe wó sódò, tí ohùn kan sì ké látinú omi pé "Oṣó igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Kẹ́hìndé dúró létí odò, ó ní "Mọ́mì, ṣé àwọn ìkòkò yẹn ṣì wà nísàlẹ̀?" Mo ní kó bi odò. Ibẹ̀ ló ti wá yé e ìdí tí wọ́n fi ń kì wá ní ìlú aró, aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun. Ẹ fi àwọn ère ńláńlá tí Susanne Wenger tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà àtàwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo jọ mọ hàn wọ́n, ará Austria ni ìyá yẹn, ìlú wa ló gbé títí tó fi kú lọ́dún 2009. Àkọ́bí padà sílé, ó fi amọ̀ mọ ọ̀bọ kan, ó ṣì wà lórí fèrèsé wa.

Ọjà wá ńkọ́? Tí ẹ ò bá nídìí pàtàkì, ẹ má kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sọ́jà Ìgbọ̀nà lọ́sẹ̀ Kérésì. Ìdòwú sọ nù mọ́ mi lọ́wọ́ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, mò ń ná ata ni, mo yíjú, kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Ìyá ẹlẹ́ja kan ló gbé e jókòó sórí àpótí. Wọ́n bi í pé kí lorúkọ ìyá ẹ, ó ní "Mọ́mì". Láti ọjọ́ náà, mo kọ́ gbogbo wọn ní orúkọ èmi àti bàbá wọn ní kíkún, mo sì máa ń fi òwú kọ nọ́ńbà fóònù mi sínú kọ́là aṣọ Ìdòwú láti inú, níbi tí kò hàn síta. Ẹ ní kí télọ̀ yín bá yín ṣe é, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ọ̀sán, ìgbà tí oòrùn bá mú

Ìgbà yìí ni fóònù àti tẹlifíṣọ̀n wúlò, tí iná bá wà. Àdéhùn ìpàdé ni kẹ́ ẹ dúró lé, kí wọ́n má rí yín kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, torí ọjọ́ kan yẹn ni wọ́n máa fi ṣẹ̀rí. Aago kékeré kan ni mo ń yí sí ìṣẹ́jú 45, aago ló ń gba fóònù, kì í ṣe èmi.

Àmọ́ ayò ló gbà mí jù. Ẹ ra ọpọ́n ayò kan, tàbí kí wọ́n gbẹ́ ihò 12 sílẹ̀ nínú àgbàlá, mẹ́fà lápá kan, mẹ́fà lápá kejì, ọmọ ayò 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Èèyàn á kó ti ihò kan, á máa tà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, tí èyí tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sínú ihò ẹnìkejì tó sì sọ ọ́ di 2 tàbí 3, ó jẹ ẹ́ nìyẹn. Ìṣirò tí tíṣà ń pariwo lé lórí fún tẹ́ẹ̀mù kan, ẹnu ayò ni àwọn ìbejì ti gbọ́ ọ yé. Alẹ́, tí iná bá lọ, àlọ́ ló kù. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà pa á, ẹ̀yin ẹ ṣáà máa gberin.

Aṣọ Kérésì

Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ gbà mí gbọ́: oṣù Kẹwàá ni kẹ́ ẹ ti ra ànkárá. Tó bá di ọ̀sẹ̀ Kérésì, télọ̀ tó gba aṣọ yín ń tàn yín ni, àánú yín ló ṣe é tí kò fi lè sọ pé rárá. Fún bùbá àti ṣòkòtò, ọmọ ọdún 4 ń gba bíi yáàdì 2, ọmọ ọdún 7 yáàdì 2 ààbọ̀, ọmọ ọdún 11 yáàdì 3. Tèmi jẹ́ yáàdì 10 lápapọ̀. Mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n sábà ń ta ànkárá, méjì ni mo ń rà, yáàdì 2 tó ṣẹ́ kù ló ń di fìlà mẹ́rin àti àbùlẹ̀ ọjọ́ iwájú. Ẹ sọ fún télọ̀ kó fi ínṣì mẹ́ta ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sínú, kó fi ínṣì méjì sí apá. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ kàn máa tú u ni.

Ọjọ́ Kérésì gan-an

Òróró gbígbóná àti ọmọkùnrin ò gbọdọ̀ wà nínú yàrá kan náà. Ká tó gbé epo kaná, mo ti pín iṣẹ́ ìta: ìbejì á máa tú ìyẹ́ adìẹ lẹ́yìnkùlé, Àkọ́bí á máa ṣọ́ Ìdòwú. Tí ẹnì kan bá wá jóná, omi tútù tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 20, kò sí ẹyin, kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí epo, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ sọ́sìbítù tó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ tàbí tó bá jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí abẹ́. Kẹrosínì ò gbọdọ̀ wà nínú ike mínírà láéláé. Tí ọmọ bá mu ún, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má jẹ́ kó bì, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré gbà lọ. Jẹnẹrétọ̀, ìta gbangba ni, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, èéfín ẹ̀ ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Kànga, ẹ dé e, kẹ́ ẹ fi àgádágodo sí i. Bánga tí àwọn ọmọ máa ń yìn, mi ò rà á, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣe wọ́n lálejò, Dádì wọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ ló ń gbé ìrẹsì kiri. Àlhájà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ń kọ́kọ́ rí tiẹ̀ gbà, torí ẹran Iléyá wọn kì í fo ilé wa. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gbé e: ẹni méjì sí abọ́ kan, wọ́n á gbé abọ́ sílẹ̀ ná, wọ́n á wá dọ̀bálẹ̀, "Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún, Mọ́mì wa ní ká gbé e fún yín." Lọ́dún tí Táyé fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tòun tabọ́ lọ́wọ́, àwọn ẹyẹ ló jẹ ìrẹsì.

Owó tí àwọn ẹbí bá fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé "mú un wá kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀" kó wá di àwátì. Gbogbo wa la mọ bó ṣe rí lára wa nígbà tí wọ́n ṣe é fún wa. Kóló kọ̀ọ̀kan ni mo ra fún wọn, orúkọ kálukú wà lára ẹ̀, tí wọ́n bá gba náírà 300, wọ́n á mú 100 ná, 200 á wọ kóló. Tí mo bá yá nínú ẹ̀, mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé lójú wọn, mo sì ń san án.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn

Ọjọ́ márùn-ún kí ilé ìwé tó wọlé, ẹ ti máa fi ààbọ̀ wákàtí fa àsìkò oorun wọn sẹ́yìn lójoojúmọ́ títí á fi padà sí aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ wo inú báàgì kí ẹ tó sọ pé kò sí họ́múwọ́ọ̀kì, lẹ́ẹ̀kan rí, Àkọ́bí fi tiẹ̀ sínú ìwé Yorùbá, Sọ́ńdè alẹ́ la rí i. Ẹ gé irun wọn. Ẹ jẹ́ kí kálukú wọ yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ dúró níwájú yín, wọ́n máa ń ga nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Bàtà tí kò bá gba Àkọ́bí mọ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbòòji, ẹ fi ìwé ìròyìn kún inú ẹ̀ kó má bàa rọ́, ó ti di ti ẹni tó kàn. Níbi tí mo sì ti ń náwó nìyẹn, torí bàtà ẹyọ kan ló ń kúrò lẹ́sẹ̀ Àkọ́bí, ìbejì ló sì ń dúró dè é. Mo máa ń ra ìkejì kó bá a mu kí ọdún tuntun tó wọlé, torí bí ọjọ́ ìwọlé bá ti ku ọ̀la, owó bàtà ilé ìwé á ti gbéra.